Ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́: ibi tí àìsàn rẹ̀ sábà máa ń wà

Bí ẹ bá tan NES, ẹ̀rọ géèmù ilé-iṣẹ́ Nintendo, tí iná pupa iwájú rẹ̀ ń ṣẹ́jú, tó ń tàn tó ń kú lẹ́ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tí ojú tẹlifíṣọ̀n náà sì ń bá a ṣẹ́jú, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ ni pé ẹ̀rọ náà ti kú. Kò kú o. Ẹ̀rọ tó ti kú kì í ṣẹ́jú. Ohun tí ẹ ń rí yẹn ni ẹ̀rọ tí ara rẹ̀ yá, tó ń tẹ̀lé òfin tí Nintendo fi sínú rẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e dé Amẹ́ríkà ní 1985.

Òfin náà kò le. Chip kékeré kan wà lórí bọ́ọ̀dù NES, èkejì rẹ̀ wà nínú kásẹ́ẹ̀tì géèmù. Gbàrà tí iná bá dé, àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí ti inú ẹ̀rọ kò bá gbọ́ èsì tó tọ́ láti inú kásẹ́ẹ̀tì, á gbà pé ayédèrú ni kásẹ́ẹ̀tì náà, á dá ẹ̀rọ dúró, á tún un gbé dìde, á tún béèrè. Bí kò bá tún gbọ́, á tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú iná náà ṣẹ́jú nìyẹn. Nintendo fi í síbẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ mìíràn má baà máa ta géèmù fún NES láìgba àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Famicom, tí í ṣe ẹ̀gbọ́n NES, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní Japan ní 1983, kò ní irú chip bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí Famicom kì í fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí NES bá ń ṣẹ́jú, chip méjèèjì lè wà ní pípé. Ọ̀nà tó so wọ́n pọ̀ ló dí. Ìdọ̀tí àti ìpẹtà ló wà lára àwọn irin tí kásẹ́ẹ̀tì fi ń kan ẹ̀rọ. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn kí ẹ tó mú síkírúdíráfà rèé: nínú ẹ̀rọ géèmù tó ti lé ní 30 ọdún, chip sábà máa ń wà lára ohun tó ń bàjẹ́ gbẹ̀yìn. Ohun tó ń fara kan nǹkan, ohun tó ń yí, ohun tó ní omi nínú, àti ohun tí agbára rẹ̀ ń tán, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Àmọ́ iná gbọ́dọ̀ ṣáájú gbogbo wọn.

Adápítọ̀ ló ń pa ẹ̀rọ jù

Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú pé “kò tàn”, adápítọ̀ tí kò bá a mu ni wọ́n fi sí i. Ẹnu adápítọ̀ wọ̀nyí jọra débi pé ti ẹ̀rọ kan á wọ inú ẹ̀rọ mìíràn wẹ́kú, síbẹ̀ iná tó ń gbé jáde yàtọ̀ pátápátá.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wò lára adápítọ̀. Àkọ́kọ́ ni bóyá AC ló ń gbé jáde tàbí DC. AC ni irú iná tó wà nínú ògiri, tó ń lọ tó ń bọ̀. DC ni irú ti bátìrì, tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Èkejì ni iye fólítì. Ẹ̀kẹta, bó bá jẹ́ DC, ni ibi tí àmì méjèèjì wà: ṣé inú ihò ni àmì ìyọkúrò (−) wà, àbí àmì ìròpọ̀ (+). Wọ́n máa ń ya àwòrán rẹ̀ sí ara adápítọ̀, róbótó kékeré kan láàárín ilà méjì.

Adápítọ̀ NES ń gbé 9 fólítì AC jáde, ámúpù 1.3. NES fúnra rẹ̀ ló ń yí i padà sí DC nínú. Mega Drive àkọ́kọ́ ti Sega ń fẹ́ DC, bíi 9 sí 10 fólítì, tí àmì ìyọkúrò wà nínú ihò. Ẹnu adápítọ̀ NES wọ inú Mega Drive yìí láìsí wàhálà. Bí ẹ bá fi sí i, AC á wọ ibi tí DC nìkan ló yẹ kó wọ̀, ó sì lè ba kàpásítọ̀ (ohun kékeré tó ń tọ́jú iná fúngbà díẹ̀) àti regulator (ohun tó ń dín fólítì kù) inú rẹ̀ jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mega Drive kejì tún yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: àmì ìròpọ̀ ló wà nínú ihò tirẹ̀.

Èyí tó tún ń da àwọn èèyàn láàmú jù ni SNES, àbúrò NES. Èyí tí wọ́n tà ní Yúróòpù ń lo 9 fólítì AC. Super Famicom, orúkọ tí SNES ń jẹ́ ní Japan, ń lo 10 fólítì DC, mílíámúpù 850, bẹ́ẹ̀ ẹnu wọn jọra, ara ẹ̀rọ méjèèjì náà sì jọra bí ìbejì. Ẹni tó ra Super Famicom láti Japan, tó wá fi adápítọ̀ SNES tòkunbọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù sí i, lè ti sun ún nìyẹn. SNES ti Amẹ́ríkà ní ẹnu tirẹ̀ tó dá yàtọ̀, ó kéré tán èyí kò ní jẹ́ kí àṣìṣe náà wáyé.

Fún ẹni tó wà ní Nàìjíríà tàbí Bẹ̀nẹ̀, ìṣòro kejì wà ní apá ògiri. Iná ilé níbí jẹ́ 220 sí 240 fólítì. Ti Japan jẹ́ 100, ti Amẹ́ríkà 120. Adápítọ̀ tàbí ẹ̀rọ tó ti ibẹ̀ wá kò gbọdọ̀ kan sọ́kẹ́ẹ̀tì wa ní tààrà, àfi bí ẹ bá kà á lára rẹ̀ níbi tí wọ́n kọ INPUT sí pé 100–240V ni. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, sítẹ́pù-dáùn (ẹ̀rọ tó ń dín fólítì iná ilé kù) ni ẹ máa lò, tàbí kí ẹ ra adápítọ̀ tuntun tó ń gba 240 tó sì ń gbé ohun tí ẹ̀rọ náà fẹ́ jáde. Fólítì àti ibi tí àmì ìyọkúrò àti ìròpọ̀ wà gbọ́dọ̀ bára mu. Ámúpù lè pọ̀ ju ohun tí wọ́n kọ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Ẹ̀rọ ló ń fa ìwọ̀n ámúpù tó nílò, adápítọ̀ kì í tì í fún un.

Fífi mítà wọn iná nínú ẹ̀rọ

Mítà tí kò wọ́n rárá tó fún iṣẹ́ yìí. Nínú NES, SNES, Mega Drive àti Famicom, ohun kékeré kan wà tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí wọ́n sábà máa ń fi ìdè mọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń gba ooru. Regulator ni, orúkọ rẹ̀ ni 7805. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ 9 tàbí 10 fólítì di 5, nítorí 5 fólítì ni àwọn chip ń jẹ.

Ẹ yí mítà sí DC 20V. Ẹ fi òpó dúdú kan ẹsẹ̀ àárín tàbí irin tí 7805 fara tì. Ẹ fi òpó pupa kan ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ní apá òsì, bí àkọlé 7805 bá kọjú sí yín tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀: ó yẹ kí ẹ rí nǹkan bíi 9 sí 13 fólítì. Ẹ wá kan ẹsẹ̀ kẹta: ó yẹ kó wà láàárín 4.75 sí 5.25.

Bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ kò bá ní nǹkan kan, iná kò tíì dé ibẹ̀. Ẹ padà sẹ́yìn: adápítọ̀, ihò tí adápítọ̀ ń wọ̀, fíúsì, bọ́tìnnì tí a fi ń tan ẹ̀rọ. Ihò adápítọ̀ yẹ ní fífura sí gan-an, torí pé ìgbà gbogbo ni wọ́n ń tì í tí wọ́n ń fà á. Lẹ́ẹ̀dì ìdí rẹ̀ (irin rírọ̀ tí a ń yọ́ láti fi lẹ nǹkan mọ́ bọ́ọ̀dù) máa ń sán, ẹ ó rí ilà róbótó tẹ́ẹ́rẹ́ yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká. Ẹ fi lẹ́ẹ̀dì tuntun díẹ̀ jó o padà, ó tán. SNES ní fíúsì kékeré kan nítòsí ibẹ̀, ámúpù 1.5. Bó bá ti já, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. A mọ̀ pé àwọn kan máa ń fi wáyà so ó kọjá. Kí wọ́n ṣe é nínú ẹ̀rọ tiwọn.

Bí ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ bá ní iná, tí ẹsẹ̀ kẹta kò ní, 7805 lè ti kú, tàbí kí nǹkan kan níwájú máa mu iná náà gbẹ. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ adápítọ̀, ẹ yí mítà sí ibi tó ti ń dún, kí ẹ wá kan ẹsẹ̀ kẹta àti ẹsẹ̀ àárín. Bó bá ń dún gbọnrangandan láìdẹ́kun, iná ti pàdé ara rẹ̀ níbì kan lórí bọ́ọ̀dù, 7805 tuntun kò ní ṣe yín láǹfààní. Bí kò bá dún, 7805 ni kí ẹ pààrọ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹ fi ọ̀rá tí a fi ń tu ooru sí ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó dè é mọ́ irin.

Kásẹ́ẹ̀tì àti ẹnu tó ń gbà á

Fífẹ́ atẹ́gùn ẹnu sínú kásẹ́ẹ̀tì kì í tún un ṣe. Ohun tó ń mú kí ó dà bíi pé ó ṣiṣẹ́ ni pé ẹ yọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ sì tún un tì padà; irin rẹ̀ ha ara irin ẹ̀rọ, ó sì bọ́ sí ibi tó mọ́ díẹ̀. Itọ́ tó bá afẹ́fẹ́ náà wọlé ló wá ń mú irin dípẹtà lẹ́yìn ìgbà náà. Nintendo fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe é.

Ohun tó ń nù ún ni isopropyl alcohol tó tó ìdá 90 nínú 100, kí ó jẹ́ 99 bí ẹ bá rí i. Àwọn tó ń tún fóònù ṣe máa ń lò ó, nítorí náà ọjà fóònù bíi Computer Village ní Ìkẹjà ni kí ẹ ti béèrè rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ìdá 70 ṣì wúlò, ṣùgbọ́n omi inú rẹ̀ pọ̀, ó gbọ́dọ̀ pẹ́ kí ẹ tó tan iná sí i. Ẹ rin igi owú tí a fi ń nu etí, ẹ fi ha àwọn irin aláwọ̀ wúrà ẹnu kásẹ́ẹ̀tì lọ sókè-sódò, kì í ṣe láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ máa pààrọ̀ owú títí tí kò fi ní dúdú mọ́. Bí ìdọ̀tí náà bá ti le mọ́ ọn, ẹ fi rọ́bà ìpàwérẹ́ funfun pa á díẹ̀, kí ẹ tún fi alcohol nù ún. Ẹ má fi sáńdìpépà kàn án. Wúrà tó wà lára irin náà fẹ́lẹ́ púpọ̀. Bó bá ti ha tán, irin abẹ́ rẹ̀ á yára dípẹtà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọṣẹ ìdán-irin náà kò dára, nítorí pé ó ń fi ìyókù rẹ̀ sílẹ̀ láàárín àwọn irin.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣí kásẹ́ẹ̀tì Nintendo, síkírúdíráfà pàtàkì kan ni ẹ nílò, mílímítà 3.8. Ti ara SNES àti N64 (ẹ̀rọ Nintendo tó tẹ̀lé SNES) fúnra wọn jẹ́ 4.5. Ìdè ara NES kò nílò ìyẹn: mẹ́fà ni wọ́n wà nísàlẹ̀ rẹ̀, síkírúdíráfà àgbélébùú lásán á tú wọn.

Bí kásẹ́ẹ̀tì bá ti mọ́ tí NES ṣì ń ṣẹ́jú, ó kù sí ẹnu inú ẹ̀rọ. Irin 72 ló wà nínú rẹ̀. Nítorí pé wọ́n ṣe NES kí kásẹ́ẹ̀tì gba iwájú wọlé, kí a sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bíi kásẹ́ẹ̀tì fídíò, gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ó ń tẹ àwọn irin náà. Lẹ́yìn ọdún púpọ̀, wọn kì í ta padà mọ́ bó ṣe yẹ. Ẹ tú ìdè mẹ́fà ìsàlẹ̀, ẹ gbé ìdérí òkè, ẹ tú irin pẹlẹbẹ tó bo bọ́ọ̀dù, ẹ tú àwo tí kásẹ́ẹ̀tì ń jókòó sí, kí ẹ wá fa ẹnu 72 náà kúrò lẹ́yìn bọ́ọ̀dù. Àwọn ìdè náà kò gùn bákan náà. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ibi tí ẹ ti yọ ọ́ lórí bébà tí ẹ ya àwòrán ẹ̀rọ sí.

Ẹ fi alcohol nu etí bọ́ọ̀dù tí ẹnu náà ti jáde. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ibí yìí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni àìsàn náà sábà máa ń wà. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹnu 72 náà sínú omi, ẹ sè é fún bíi ìṣẹ́jú 10. Ẹ yọ ọ́, ẹ ti kásẹ́ẹ̀tì tó mọ́ wọ inú rẹ̀ kí ẹ sì yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí àwọn irin náà lè ha ara wọn mọ́, ẹ tún sè é nínú omi tuntun. Ẹ gbọn omi inú rẹ̀ dànù, kí ẹ fi í síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ di ọjọ́ kejì. Ẹ má dá a padà nígbà tó ṣì tutù.

Ẹnu 72 tuntun wà lọ́jà, owó rẹ̀ kò pọ̀. A kò fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń di kásẹ́ẹ̀tì mú débi pé yíyọ rẹ̀ á di ìjàkadì, irin wọn kò sì dára tó ti àtijọ́. Èyí tí ẹ sè, tí ẹ fọ̀, ló sàn jù, àfi bí irin rẹ̀ bá ti ṣẹ́.

Chip tó ń ṣọ́nà ńkọ́? A lè pa á lẹ́nu mọ́. Nínú NES ti Amẹ́ríkà, ẹ wá chip kékeré tó ní ẹsẹ̀ 16 tí wọ́n kọ 3193A sí. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ibi àmì tó wà lórí rẹ̀. Ẹ gé ẹsẹ̀ kẹrin, kí ẹ rọra gbé e sókè, ẹ sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́ ilẹ̀ iná lórí bọ́ọ̀dù, ibi tí ẹsẹ̀ àárín 7805 kàn. Ẹ̀rọ kò ní ṣẹ́jú mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ yé e dáadáa: iṣẹ́ yìí kò nu irin kankan. Bí ìdọ̀tí ṣì wà, dípò kí iná máa ṣẹ́jú, àwòrán ló máa dàrú tàbí kí ojú tẹlifíṣọ̀n kàn ní àwọ̀ kan ṣoṣo. Ibi tó ti wúlò gan-an ni pé kásẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà á ṣiṣẹ́ nínú NES tó ti Gẹ̀ẹ́sì wá. Láìṣe é, kásẹ́ẹ̀tì náà á máa ṣẹ́jú bó ti wù kó mọ́ tó, nítorí pé chip agbègbè ìtajà kọ̀ọ̀kan ní èdè tirẹ̀.

Bátìrì inú kásẹ́ẹ̀tì

Géèmù tó ń gbàgbé ibi tí ẹ bá a dé kò bàjẹ́; bátìrì inú rẹ̀ ló tán. Nínú ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì NES àti SNES, CR2032 ni, fólítì 3. Ti Game Boy, ẹ̀rọ àfọwọ́mú Nintendo, máa ń kéré jù bẹ́ẹ̀, ẹ ka nọ́ńbà ara rẹ̀ kí ẹ tó lọ rà. Kásẹ́ẹ̀tì tó ní aago nínú, bíi Pokémon Gold àti Silver, máa ń yára jẹ bátìrì tán. Bí ẹ bá yọ bátìrì, gbogbo ohun tó ti rántí á lọ.

Bátìrì tí wọ́n ti fi ètè irin sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kí ẹ rà. Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì sí ara bátìrì pẹrẹsẹ ní tààrà, torí ooru lè mú kí ó bẹ́. Àwọn kan máa ń fi téèpù di bátìrì mọ́ ètè àtijọ́. Ó lè ṣiṣẹ́ fún oṣù bíi mélòó kan, lọ́jọ́ kan ẹ ó ju kásẹ́ẹ̀tì sórí tábìlì, gbogbo eré yín á sì dàwátì.

Kàpásítọ̀ tó ń jò

Kàpásítọ̀ onírin róbótó ní omi kẹ́míkà nínú. Omi náà lè gbẹ, ó sì lè jò. Èyí tó gbẹ kò burú tó èyí tó jò, nítorí èyí tó jò ń jẹ àwọn ọ̀nà bàbà orí bọ́ọ̀dù.

A kì í gba ẹnikẹ́ni níyànjú pé kó pààrọ̀ gbogbo kàpásítọ̀ NES tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa nítorí ọjọ́ orí nìkan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ti àtijọ́ yẹn ṣì lágbára. Game Gear, ẹ̀rọ àfọwọ́mú ti Sega, ni kò ṣeé fi ṣeré. Ó jáde ní 1990, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo àwọn kàpásítọ̀ kéékèèké tó jókòó sórí bọ́ọ̀dù láìgba ihò kọjá, púpọ̀ nínú wọn ló sì ń jò. Bí ohùn bá lọ sílẹ̀ débi pé ẹ gbọ́dọ̀ fi sí etí, bí ojú rẹ̀ bá ṣókùnkùn tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ẹ ti lè rí àwòrán, bó bá tàn tó sì kú láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kàpásítọ̀ ni. Bí ẹ bá fi irin gbígbóná kàn wọ́n, òórùn ẹja jíjẹrà á sọ fún yín pé ó ti jò.

Lára kàpásítọ̀ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ nọ́ńbà méjì, bíi 100 àti 6.3V. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n ohun tó ń gbà, máíkírófárádì. Ẹ má yí i padà. Èkejì ni fólítì tó lè fara dà. Tuntun lè ga jù ú lọ, kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí i. Apá kan rẹ̀ ní àmì dúdú, èyí ni ìyọkúrò. Ẹ ya fọ́tò bọ́ọ̀dù kí ẹ tó yọ ohunkóhun, torí bí ẹ bá fi ọ̀kan sí i lódì, ó lè wú kó sì bẹ́.

Yíyọ wọn ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ń bàjẹ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́. Omi tó jò ti sọ bàbà abẹ́ wọn di aláìlágbára, bí ẹ bá fi ipá yí kàpásítọ̀ náà, bàbà á bá a jáde. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù (irin gbígbóná tí a fi ń yọ́ lẹ́ẹ̀dì) tó wà ní 320 sí 350 sẹ́ǹtígíréèdì fi lẹ́ẹ̀dì tuntun àti péèsì (ọ̀rá tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì ṣàn) púpọ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì, kí ẹ máa mú ooru lọ láti ọ̀kan sí èkejì títí tó fi máa yọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ní áyọ́ọ̀nù méjì á mú u láti apá méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn náà, ẹ fi alcohol àti búrọ́ọ̀ṣì eyín fọ ibẹ̀ kí ẹ tó fi tuntun sí i. Bí bàbà kan bá ti já, ẹ tẹ̀lé ọ̀nà rẹ̀ dé ibi tó ń lọ, kí ẹ fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì fi mítà dán an wò pé ó ń dún.

Xbox àkọ́kọ́ ti Microsoft, ti 2001, ní irú wàhálà yìí kan tó ṣe pàtàkì. Kàpásítọ̀ kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí aago máa lọ nígbà tí iná kò sí, fárádì 1, 2.5 fólítì. Nínú àwọn Xbox láti oríṣi 1.0 dé 1.5, ó máa ń jò, ó sì ń jẹ bọ́ọ̀dù. Ẹ yọ ọ́, ẹ fọ ibẹ̀, kí ẹ má sì fi nǹkan kan dípò rẹ̀. Ọjọ́ àti aago nìkan ni Xbox á máa gbàgbé. Ẹni tó bá ní Xbox tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ni iṣẹ́ yìí kàn jù, kì í ṣe ẹni tí tirẹ̀ ti kú.

Game Boy tó ní ilà, tó sì ti jẹ bátìrì

Bí ojú Game Boy ti 1989 bá ní ilà funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀, rọ́bà pẹlẹbẹ tó so ojú náà mọ́ bọ́ọ̀dù ni gọ̀ọ̀mù rẹ̀ ti ń ṣí. Ẹ tú ìdè ẹ̀yìn, síkírúdíráfà orí ẹsẹ̀ mẹ́ta ni, kí ẹ sì gbé ike tó bo ìsàlẹ̀ ojú náà kúrò. Ẹ tan Game Boy, kí ẹ fi áyọ́ọ̀nù tí ooru rẹ̀ mọ níwọ̀n rọra lọ lórí ilà rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ ojú náà, kí ọwọ́ yín má dúró sójú kan. Ẹ ó rí i tí ilà kọ̀ọ̀kan ń padà wá. Ilà tó lọ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ yàtọ̀: apá ẹ̀gbẹ́ ni ìsopọ̀ tirẹ̀ wà, ooru sì sábà máa ń bà á jẹ́ sí i. Ẹ fi sílẹ̀.

Ibi bátìrì tó ti hu nǹkan funfun tàbí búlúù: bí bátìrì tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ alkaline, fínígà funfun ló ń pa oró rẹ̀. Bó bá jẹ́ bátìrì kábọ̀nù olówó pọ́ọ́kú, oró tirẹ̀ jẹ́ kíkan, omi tí ẹ pò mọ́ baking soda ló ń pa á. Méjèèjì, ẹ fi alcohol nù ún gbẹ̀yìn.

Ẹ̀rọ onídíìsì: PlayStation àkọ́kọ́

Ẹ kíyè sí i pé PlayStation kò ní adápítọ̀ ìta. Iná ilé wọ inú rẹ̀ lọ tààrà, nítorí náà SCPH-1001 ti Amẹ́ríkà, tí 120 fólítì jẹ́ tirẹ̀, á bẹ́ bí ẹ bá fi sí sọ́kẹ́ẹ̀tì wa. Níbi tí iná ilé bá jẹ́ 230, kàpásítọ̀ ńlá inú bọ́ọ̀dù iná rẹ̀ lè di iná tó lé ní 300 fólítì mú lẹ́yìn tí ẹ ti fà á kúrò. Ẹ má fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù náà. Tẹlifíṣọ̀n oníkùn ńlá tún burú jù bẹ́ẹ̀: iná tó lé ní 20,000 fólítì ń wọ ojú rẹ̀. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣí i.

Bí díìsì bá ń yí tí géèmù kò wọlé, tàbí tí fídíò inú rẹ̀ ń ta, ẹ fi owú àti alcohol nu ojú lẹ́ǹsì láìtẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ọ̀nà tí lẹ́ǹsì ń gbà lọ gbà bọ̀. Ẹ nu gíríìsì tó ti gbẹ kúrò, kí ẹ fi gíríìsì funfun kékeré sí i. Nínú àwọn PlayStation àkọ́kọ́, ike ni wọ́n fi ṣe ibi tí lẹ́ǹsì ń yọ̀ lé, ó sì sún mọ́ ibi tí ooru iná ti ń jáde. Ike náà ń jẹ, lẹ́ǹsì á wá tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń dojú PlayStation délẹ̀ kó tó lè ka díìsì. Nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, Sony sún lẹ́ǹsì kúrò níbẹ̀. Lẹ́ǹsì tuntun lódindi ló tọ́ fún èyí tó ti jẹ. Ìdè kékeré tó wà lára lẹ́ǹsì, tí àwọn kan ń yí láti fi kún agbára iná rẹ̀, ń jẹ́ kó kàwé fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń sun ún tán.

Iná wà, àwòrán kò sí

Kí ẹ tó dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ẹ wo tẹlifíṣọ̀n. NES ní ihò yẹ́lò àti pupa lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan, nítorí náà kò sí funfun. Famicom àkọ́kọ́ kò ní irú ihò yìí, tí à ń pè ní AV, rárá, eríà nìkan ló ní, ó sì ń gbé àwòrán jáde lórí ìkànnì 1 tàbí 2 ti Japan, 91.25 tàbí 97.25 mẹgahẹ́ọ̀tì. Ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ mìíràn kì í wá ibẹ̀. Kódà bí ẹ bá rí àwòrán, ohùn rẹ̀ lè máa hó ṣáá, kí àwọ̀ má sì jáde lórí tẹlifíṣọ̀n PAL (ètò àwọ̀ tó yàtọ̀ sí ti Japan). Kò sí ohun tó ṣe Famicom náà. Ẹ fà AV láti ẹsẹ̀ 21 chip àwòrán rẹ̀, kí ó gba transistor kan bíi 2N3906 àti resistor díẹ̀ kọjá, ẹ ó sì lè fi sí ihò yẹ́lò.

Ara tó ti pọ́n

Ike ABS tó ti di yẹ́lò kò dọ̀tí, kẹ́míkà tí wọ́n fi sí i kó má baà gbiná ni oòrùn àti afẹ́fẹ́ yí padà. SNES àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà gbajúmọ̀ fún un: òkè á pọ́n, ìsàlẹ̀ á wà bó ti wà. Ẹ tú gbogbo ohun inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ fi ọṣẹ fọ ike náà, kí ẹ wá fi ìpara hydrogen peroxide ìdá 12 nínú 100 kùn ún. Òun ni wọ́n kọ 40 volume sí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ohun èlò irun. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò ojú, nítorí pé ó ń jó ara. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kó má baà gbẹ, ẹ gbé e sí oòrùn, kí ẹ máa yí i, kí ẹ sì máa fọwọ́ pa ìpara náà káàkiri ní ààbọ̀ wákàtí ààbọ̀ wákàtí. Ibi tí ìpara bá gbẹ sí á di àbàwọ́n funfun tí kì í lọ mọ́. Wákàtí bíi mẹ́rin sí mẹ́fà lè tó. Ẹ fi omi ṣan án dáadáa. Ó ṣeé ṣe kí ó tún pọ́n lẹ́yìn ọdún díẹ̀, pàápàá bí ẹ bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.